Àfòmọ́ tàbí ajẹlára: kí ni ká pe ẹ̀dá tí ń gbé lára ẹlòmíràn jẹun?

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ èdè.

Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ ni pé kí ni Yorùbá yóò máa pe "parasite", ẹ̀dá tí ń gbé lára ẹ̀dá mìíràn, tó sì ń tibẹ̀ rí oúnjẹ. Ẹ̀gbọ́n wa kan ní ká má wulẹ̀ wá nǹkan kan kiri, pé àfòmọ́ ti wà nílẹ̀. Ẹlòmíràn dá ajọ̀fẹ́ lábàá. Ẹnì kẹta ní kòkòrò ajẹnirun ti tó. Ní ti ẹ̀dá tí wọ́n ń gbé lára rẹ̀, gbogbo wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ fẹnu kò sórí agbàlejò. Mo ti gbé àwọn ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò. Èrò mi ni pé ibi tí ẹ̀dá náà jókòó sí kọ́ ló yẹ kó fún un lórúkọ. Ohun tó ń fi ojú ẹni tó ń gbé lára rẹ̀ rí ni.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ àfòmọ́, nítorí òun ló lẹ́tọ̀ọ́ jù. Àwọn àgbà ní àfòmọ́ ò légbò, gbogbo igi ló bá tan. Ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ yìí mọ igi. Ẹyẹ ló ń jẹ èso àfòmọ́, kóró èso náà sì máa ń lẹ̀ bí oje. Ibi tí ẹyẹ bá ti yàgbẹ́ tàbí tó nu ẹnu rẹ̀ sí lára ẹ̀ka, ibẹ̀ ni kóró yóò lẹ̀ mọ́, tí yóò sì hù. Kò ní gbòǹgbò nínú ilẹ̀ lóòótọ́. Ẹ̀yà ara rẹ̀ kan ló ń gún èèpo igi wọlé lọ fa omi. Ṣùgbọ́n ẹ wo ewé rẹ̀, ó tutù yọ̀yọ̀, ó sì ń fi ìmọ́lẹ̀ oòrùn ṣe ṣúgà fúnra rẹ̀. Omi àti iyọ̀ tí igi fà látinú ilẹ̀ ló ń jí ní pàtàkì. Ìdajì olè ni.

Ọmọnìgẹ̀dẹ̀gẹ̀dẹ̀ ńkọ́, okùn rúsúrúsú tí ń lọ́ mọ́ igbó? Kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní ewé rárá. Gbòǹgbò tó fi hù nílẹ̀ a gbẹ dànù ní kété tó bá ti rí ẹni lọ́ mọ́, àtọjọ́ náà lọ, ara ẹlòmíràn ni omi rẹ̀ àti ṣúgà rẹ̀ ti ń wá. Ká wá fi orúkọ ìdajì olè pe odindi olè, ó ku díẹ̀ káàtó.

Kì í sì í ṣe gbogbo wọn ló ń bá gbogbo igi tan. Rafflesia, tí ń hù nínú igbó kìjikìji gúúsù ìlà-oòrùn Éṣíà, kò ní ewé, kò ní gbòǹgbò. Inú ìtàkùn Tetrastigma nìkan ló ń gbé, ojú ò sì ní rí i àfi lọ́jọ́ tí òdòdó rẹ̀ bá yọ síta, òdòdó tí ẹyọ kan rẹ̀ lè fẹ̀ tó nǹkan bí mítà 1. Ẹ̀dá tí ń fa ibà ńkọ́, tí Laveran, dókítà ará Faransé, rí nínú ẹ̀jẹ̀ lọ́dún 1880? Inú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa ló ń wọ̀, ibẹ̀ ló ti ń jẹ, ibẹ̀ ló ti ń di púpọ̀ títí sẹ́ẹ̀lì náà yóò fi bẹ́. Èyí kò fò mọ́ nǹkan kan. Kòkòrò tí ń jẹ obì, inú obì ló ń gbé. Lọ́wọ́ kejì ẹ̀wẹ̀, ọ̀pọ̀ ewéko ló jókòó sórí ẹ̀ka igi tí wọn ò fa ohunkóhun lára rẹ̀; ìmọ́lẹ̀ ló gbé wọn dé òkè, omi òjò ni wọ́n ń mu. Àwọn wọ̀nyí fò mọ́ igi dáadáa, wọn ò sì ṣẹ̀. Bí a bá ní kí àfòmọ́ jẹ́ orúkọ gbogbogbòò, aláìṣẹ̀ ni yóò kó, ọ̀daràn á sì lọ.

Ajọ̀fẹ́ kò pẹ́ mi rárá. Lékeléke tí ń tẹ̀lé màlúù láti ṣa kòkòrò tí màlúù ta jí nínú koríko, òun ni ajọ̀fẹ́, kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ màlúù. Ohun tí aràn ń mu nínú ìfun kì í ṣe ọ̀fẹ́. Ẹnì kan ń san án, ẹ̀jẹ̀ ló sì fi ń san án.

Ibi ajẹnirun ni mo fẹ́ ká dúró sí díẹ̀. Ẹ gbọ́ ìyàtọ̀ tó wà láàárín jẹ run àti jẹ lára. Bí ewúrẹ́ bá jẹ ewé run, kò sí ewé mọ́. Bó bá jẹ lára ewé, ó mú níbẹ̀, ó sì ṣẹ́ kù. Èdè wa ti la ọ̀nà méjèèjì sọ́tọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó dá ẹ̀kọ́ yìí sílẹ̀. Ẹkùn ń jẹ àgbọ̀nrín run. Eégbọn ń jẹ lára àgbọ̀nrín, ọ̀pọ̀ ìgbà ni ikú àgbọ̀nrín náà sì jẹ́ àdánù fún un. Nítorí náà, ajẹlára ni mo fi lélẹ̀. Ó sọ pé ara ni oúnjẹ rẹ̀, ó tún sọ pé kò jẹ ẹ́ tán. Bí a bá fẹ́ ya èyí tó wà nínú sọ́tọ̀ sí ti ìta, ajẹlára inú àti ajẹlára òde yóò yé ọmọdé.

Ọ̀rọ̀ náà tilẹ̀ ràn wá lọ́wọ́ níbi tó ti le. Àwọn agbọ́n kan wà tí ń yé ẹyin sínú kòkòrò tí ì bá di labalábá. Ọmọ agbọ́n á máa jẹ ẹ́ nínú, kòkòrò náà á ṣì máa rìn, á ṣì máa jẹ ewé, títí ọmọ agbọ́n á fi dá a lu jáde, tí kòkòrò á sì kú. Ó jẹ lára, ó jẹ lára, ó wá jẹ ẹ́ run. Ajẹlára-jẹrun ni mo pe ìyẹn.

Agbàlejò ló dùn mí jù. Àlejò a máa kan ilẹ̀kùn, a sì máa lọ. Àgbàdo tí Striga, ewéko tí ń jẹ lára gbòǹgbò ọ̀gbìn, so mọ́ kò gba ẹnikẹ́ni lálejò. Kóró Striga lè sùn nínú ilẹ̀ ju ọdún 10 lọ, àfìgbà tó bá gbóòórùn ohun tí gbòǹgbò àgbàdo ń tú sílẹ̀ ni yóò tó jí, abẹ́ ilẹ̀ níbẹ̀ ni yóò sì ti ṣe èyí tó burú jù kí ojú tó rí i. Alára ni mo fẹ́ ká máa wí, ẹni tó ni ara. Igi ní ara, ẹja ní ara, èèyàn ní ara. A ṣáà máa ń sọ pé "òun alára ló wá", nígbà tí a bá fẹ́ sọ pé kì í ṣe ẹlòmíràn.

Ọ̀rọ̀ yìí náà ló jẹ́ kí n rí bí ọ̀ràn Sacculina, ẹ̀dá inú òkun kan, ṣe wúwo tó. Inú akàn ló ń wọ̀, á ta okùn bíi gbòǹgbò ká gbogbo ara rẹ̀, á sì yọ àpò ẹyin tirẹ̀ síta lábẹ́ ikùn, gẹ́lẹ́ níbi tí abo akàn ń gbé ẹyin sí. Akàn á yàgàn. Á máa tọ́jú àpò náà bí ọmọ inú rẹ̀. Bó bá jẹ́ akọ, ikùn rẹ̀ á fẹ̀ bíi ti abo, òun náà á sì máa tọ́jú rẹ̀. Akàn ṣì ń rìn, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun alára ló ń rìn mọ́.

Fún irú èyí, jíjẹ lára nìkan kò tó. A ní jẹgàba, ẹ jẹ́ ká lò ó: Sacculina jẹgàba lé alára rẹ̀ lórí. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀yà olú tí ń jẹ́ Ophiocordyceps, tí ń mú èèrà gun ewéko, tí èèrà á fi ẹnu há ewé, tí yóò kú síbẹ̀, tí olú á sì hù jáde láti orí rẹ̀. Àbúrò wa kan ní ká fi sòbìà kún wọn, nítorí òun náà ń lé èèyàn wọ omi. Mi ò gbà. Lẹ́yìn nǹkan bí ọdún 1 tí èèyàn ti mu omi tó kó o, sòbìà á ta roro lẹ́sẹ̀, roro náà á máa jó bí iná, alára á ti ẹsẹ̀ bọ omi kó lè tutù, ìgbà náà ni sòbìà á tú ọmọ rẹ̀ sínú omi. Kò fọwọ́ kan ọpọlọ ẹnikẹ́ni. Ìrora ló fi ń lé èèyàn, ẹni tí a lé sì mọ̀ pé wọ́n ń lé òun. Akàn yẹn kò mọ̀.

Ibì kan ṣoṣo ni ajẹlára ti bọ́ lọ́wọ́ mi. Ẹyẹ kúkúù ń yé ẹyin sítẹ̀ẹ́ ẹyẹ mìíràn. Ọmọ rẹ̀ á ti ẹyin onítẹ̀ẹ́ dànù, onítẹ̀ẹ́ á sì máa bọ́ ọ títí yóò fi tóbi ju òun fúnra rẹ̀ lọ. Kò jẹ lára ẹnikẹ́ni. Làálàá ẹlòmíràn ló ń jẹ. Ajẹlàálàá ni mo kọ sílẹ̀ fún un báyìí, ahọ́n mi kò sì tíì gbà á tán. Ẹni tó bá ní èyí tó sàn jù, kó jọ̀ọ́ fi lélẹ̀.