Ta ló ń sọ oòrùn dọ̀tun?

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ìjíròrò o.

Láti ọjọ́ Ajé ni mo ti ń ka ohun tí ẹ ń kọ lórí orúkọ tó yẹ ká fún renewable energy, ìyẹn agbára tí à ń rí lára oòrùn, ẹ̀fúùfù àti odò. Ẹ̀gbọ́n wa tó wà ní Ìlọrin ní "agbára àtúnlò" ló tọ̀nà. Àbúrò wa tó ń ṣe iṣẹ́ ògbufọ̀ ní London ní "agbára ìsọdọ̀tun" lòun máa ń kọ, torí òun ni ẹ̀rọ ìtumọ̀ máa ń pọ̀ síta. Ẹnì kẹta ní kí la tilẹ̀ ń pariwo lé lórí, ṣebí sólà ni gbogbo ayé ń pè é. Mo ti panu mọ́ tẹ́lẹ̀. Àmọ́ oníná tó ń bá mi tún sólà ṣe wá sílé mi lánàá, ohun tó sọ ló mú mi jókòó kọ lẹ́tà yìí.

Ẹ jẹ́ ká ti ibi àtúnlò bẹ̀rẹ̀, torí òun ló rọrùn jù láti dá dúró. Ìyá tó fọ ike ọtí ẹlẹ́rìndòdò tó rọ epo pupa sí i, àtúnlò ló ṣe. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn tó tan iná fún mi lánàá ńkọ́? Ta ló máa kó o jọ kó tún un lò lónìí? Tàná ti lọ pẹ̀lú àná. Ibi tí àtúnlò ti wúlò nínú ọ̀rọ̀ yìí ni bátìrì tó ti kú: àwọn kan máa ń yọ́ òjé inú rẹ̀, wọ́n á tún fi ṣe bátìrì mìíràn. Ẹ fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ fún wọn. Iṣẹ́ eléwu sì ni, òjé kì í bá ọpọlọ ọmọdé ṣeré.

Ìsọdọ̀tun dùn létí jù ú lọ, ó tún jọ ọ̀rọ̀ ìsìn díẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú Yorùbá tí mo gbọ́, bí nǹkan bá di ọ̀tun, ẹnì kan ló sọ ọ́ dọ̀tun. À ń sọ ẹ̀jẹ́ dọ̀tun, à ń sọ ilé àtijọ́ dọ̀tun. Ta ló ń sọ oòrùn dọ̀tun? Oòrùn ò gbó. Odò Ọya ti ń yí ẹ̀rọ ní Kainji láti nǹkan bí ọdún 1968, mẹ́gáwáàtì 760 ni wọ́n kọ́ ibẹ̀ fún, mi ò sì gbọ́ pé ẹnì kan ń kun odò náà lọ́dà. Igi nìkan ni ìsọdọ̀tun bá mu, torí ẹni tó ń gbìn ín wà níbẹ̀: o gé e, o gbin òmíràn, ó dọ̀tun. O gé e, o ò gbìn ín, ó tán.

Mo dárúkọ igi, èédú sì ṣẹ̀ṣẹ̀ wá dá ọ̀ràn sílẹ̀. Bí ẹ bá gba Òkè-Ògùn kọjá, ẹ óò rí àpò èédú tí wọ́n tò sẹ́bàá títì. Igi nìyẹn. Èédú tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wà ní Enugu ní 1915 kì í ṣe igi mọ́, ó ti lo àràádọ́ta ọ̀kẹ́ ọdún lọ́nà púpọ̀ nínú ilẹ̀, ìran ènìyàn kankan ò sì lè dúró de òmíràn. Òyìnbó ní orúkọ méjì fún wọn, charcoal àti coal. Àwa ní ọ̀kan. Ẹ wá lọ kéde fún ìyá tó ń yan bọ̀ọ̀lì ní Sángo pé ayé ti fẹ́ jáwọ́ nínú èédú, kí ẹ wo bí á ṣe wò yín. Á rò pé ẹ wá gba àwokòtò oúnjẹ lọ́wọ́ òun ni. "Èédú igi" àti "èédú abẹ́lẹ̀" ló yẹ ká máa kọ látòní lọ. Èyí gan-an kánjú ju ohun tí a ń jà lé lórí lọ.

Ẹ jẹ́ kí n wá kan agbára lára, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sẹ́ni tó bá a jà nínú yín. Àwọn onísáyẹ́ǹsì ya power (bí iṣẹ́ ṣe ń yá tó) sọ́tọ̀ kúrò lára energy (àpapọ̀ iṣẹ́ tó ṣe é ṣe), agbára la sì ń pe méjèèjì. Ẹ wo aláàárù méjì ní ọjà Bódìjà. Ọ̀kan gbé odindi àpò ìrẹsì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó fìdí kalẹ̀, ó di ọ̀la. Èkejì ò lè gbé ju ìdajì àpò lọ, àmọ́ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ ló ń lọ tó ń bọ̀. Ti àkọ́kọ́ lagbára. Ti èkejì lokun. Àwọn àgbà tó ní okun inú la fi ń gbé tìta mọ ohun tí wọ́n ń wí. Páńẹ́lì 400 wáàtì tí wọ́n ń tà fún yín, agbára ni òǹkà yẹn. Bí oòrùn bá ràn án gangan fún wákàtí márùn-ún, lórí ìwé, kílówáàtì-wákàtí méjì ló kó jọ, okun nìyẹn. Ẹni tó ń ra iná kọ́ọ̀dù ti mọ okun tipẹ́, yúnìtì ló ń pè é. Nígbà tí wọ́n gbé owó àwọn tó wà ní Band A, ìyẹn àwọn tó yẹ kí wọ́n máa rí iná fún ogún wákàtí lójúmọ́, dé 225 náírà ní April 2024, yúnìtì kan ni wọ́n ń sọ. Kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n kọ́kọ́ túmọ̀ rẹ̀ fún òun kó tó figbe bọnu.

Mo mọ̀ pé ẹ óò ní àìsí àmì ohùn á da okun rú. Lóòótọ́ ni, òkun lè ya wọlé, okùn náà lè so wá lẹ́sẹ̀. Ṣùgbọ́n "iná oòrùn" tí gbogbo yín fọwọ́ sí, ẹ yọ àmì orí rẹ̀ kúrò, kó di iná oorun, tàbí iná òórùn. Ẹni tí jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ti tú èéfín sí lójú fèrèsé lóru á ní méjèèjì bára wọn mu.

Ọ̀rọ̀ oníná wá kù. Eruku ọyẹ́ ti bo páńẹ́lì mẹ́rin orí òrùlé mi bí ẹni ku èlùbọ́ lé e. Ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ gun àkàbà pẹ̀lú korobá omi àti àkísà, bó sì ti ń nù ún ni òǹkà ojú ínfátà ń gòkè nísàlẹ̀. Inú mi dùn. Mo rò pé a ti bọ́ nínú wàhálà, àfi ìgbà tí oníná tú bátìrì wò. Lábẹ́ ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn lára, ìwé mìíràn wà, èyí tó ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Tòkunbọ̀ ni. Ẹni tó tà á fún mi búra pé tuntun ni, mo sì san owó tuntun. Oníná náà nu ọwọ́, ó ní, "Bàbá, oòrùn ò ṣe yín ní nǹkan kan. Oòrùn ò tán. Bátìrì yín ló tán."

Ibẹ̀ ni mo ti rí i pé gbogbo wa ń so orúkọ mọ́ ibi tí kò yẹ. Kì í ṣe iná ni kì í tán, orísun rẹ̀ ni. Nítorí náà, ohun tí mo gbé wá nìyí: àbùùbùtán. Bù ni gbòǹgbò rẹ̀, bí a ti ń bu omi lódò: à-bù-ì-bù-tán, bí ìgbà tí a bá ní àjẹìjẹtán. Orísun àbùùbùtán ni oòrùn. Òun ni ẹ̀fúùfù tí wọ́n torí rẹ̀ ri òpó 37 mọ́lẹ̀ ní Lambar Rimi ní Katsina. Òun náà ni odò, tó lè fà lẹ́ẹ̀rùn àmọ́ tó ń padà wá. Igi ò wọ̀ ọ́, mo sì ti fi ìsọdọ̀tun jíǹkí igi. Ní ti sólà, ẹ jẹ́ kó máa ná ọjà rẹ̀ lọ. Asọ̀rọ̀mágbèsì ò pa rédíò, amúnáwá ò pa jẹnẹrétọ̀.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ẹ fò dá: transition, bí a ṣe ń kúrò lórí epo àti èédú abẹ́lẹ̀ bọ́ sórí orísun bí oòrùn. "Ìyípadà" ni gbogbo yín kọ, bí ẹni pé ó ti parí. Ìyípadà lè bá èèyàn níbi tó jókòó sí. Pàṣípààrọ̀ kẹ̀, ó ní kí o gbé ọ̀kan sílẹ̀ kí o tó mú èkejì, bẹ́ẹ̀ lára ògiri mi, ìlà NEPA wà níbẹ̀, ti jẹnẹrétọ̀ wà níbẹ̀, ínfátà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, mi ò tíì gbé ìkankan sílẹ̀. (NEPA fúnra rẹ̀ ti di PHCN ní 2005, wọ́n ti pín in, wọ́n ti tà á ní 2013, síbẹ̀ NEPA ló ṣì ń mú iná lọ lẹ́nu wa.) Ìsọdá ni mo fẹ́. Ẹni tó ń sọdá ní èbúté tó ti kúrò, ó ní ibi tó ń lọ, ó ń san owó ọkọ̀, ó sì lè há sáàárín omi. Ìjọba sọ níbi àpérò ojú ọjọ́ àgbáyé ní Glasgow ní 2021 pé tó bá fi máa di 2060 àwọn á ti gúnlẹ̀ síbi tí èéfín tó ń mú ayé gbóná tí a tú síta ò ní ju èyí tí a mú kúrò lọ, gáàsì sì wà lára ọkọ̀ tí wọ́n fẹ́ wọ̀. Ìsọdá fún wa láyè láti bi wọ́n bóyá ọkọ̀ náà ń lọ ni, àbí ó ṣì so mọ́ èbúté. Láti 29 May 2023 tí ìjọba ti kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, ọ̀pọ̀ onílé àti oníṣọ́ọ̀bù ló ti bọ́ sómi láìrí ọkọ̀ kankan. Owó bátìrì ò sì kéré.

Ẹni tó bá ní eré ọmọdé là ń ṣe, kó rántí Òfin Iná Mànàmáná 2023. Ó fún ìpínlẹ̀ láyè láti máa darí ọ̀rọ̀ iná tirẹ̀, Èkìtì àti Oǹdó sì wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gba àkóso. Láìpẹ́, wọ́n á máa gbé ìwé jáde fún àwọn tó ń ra iná, rédíò á sì máa kà á. Ọ̀rọ̀ tó bá wà nílẹ̀ ni wọ́n á lò.

Ẹ̀gbọ́n Ìlọrin, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi pe àbùùbùtán sókè níwájú àwọn tó wà lọ́dọ̀ yín. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá bù kejì ń dún kedere ní etí wọn, àbí kí n dá ì padà sáàárín rẹ̀, kí n kọ ọ́ ní àbùìbùtán.