"Take" nínú òfin ẹran òkun: kì í ṣe "mímú", kì í ṣe "pípa"

Ẹ̀yin ará, ẹ kú àròjinlẹ̀ o.

Lórí bá a ṣe máa túmọ̀ àwọn ọ̀rọ̀ òfin ẹran òkun sí Yorùbá ni mo fẹ́ dá sí. Ẹni tó ṣí ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ dábàá pé kí "take", tó wà nínú òfin tí Amẹ́ríkà ṣe lọ́dún 1972 láti dáàbò bo ẹran afọmúbọ́mọ inú òkun, di "mímú" lédè wa. Ẹlòmíì ní "pípa" ló yẹ. Mi ò fara mọ́ ọ̀kankan.

Ẹ wo ohun tí òfin náà fúnra rẹ̀ kó sábẹ́ ọ̀rọ̀ yẹn: yíyọ ẹran lẹ́nu, dídọdẹ rẹ̀, mímú un, pípa á, àti gbígbìyànjú èyíkéyìí nínú wọn. Ọmọ ni "mímú" àti "pípa" nínú ilé yìí, wọn kì í ṣe baálé. Bí a bá fi orúkọ ọmọ pe bàbá, a ó wá máa kọ "mímú ni yíyọ lẹ́nu, dídọdẹ, mímú…", ẹni tó ń kà á yóò sì rò pé òǹkọ̀wé ló sùn lọ. Òfin ọdún 1973, tó wà fún gbogbo ẹ̀dá tó wà létí ìparun, tún lo ọ̀rọ̀ kan náà, ìṣe mẹ́wàá ló sì kó sábẹ́ tiẹ̀. Ọ̀rọ̀ tá a bá yàn gbọ́dọ̀ gba ọkọ̀ tó kọjá níwájú ìyá tó ń fọ́mọ lọ́mú, kó sì gba ọ̀kọ̀ tí wọ́n jù lù ú.

"Ìfọwọ́kàn" ni tèmi. Bí Yorùbá bá ní "ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ọmọ yìí", ta ni ò mọ̀ pé lílù, gbígbé sá lọ àti pípa wà nínú rẹ̀? Wọ́n ti fèsì pé ariwo náà ń yọ ẹran lẹ́nu, bẹ́ẹ̀ ariwo ò lọ́wọ́. Òótọ́ ni. Àmọ́ "ìpalára" tí wọ́n fẹ́ fi rọ́pò rẹ̀ burú jù ú lọ, nítorí òfin yìí kì í dúró di ìgbà tí ẹran bá fara pa.

Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà gan-an. Àtúnṣe ọdún 1994 pín ìyọlẹ́nu sí ìpele méjì. Ìpele A ni ìṣe tó lè ṣe ẹran léṣe. Ìpele B ni ìṣe tó lè da ìgbé ayé rẹ̀ rú: ìrìn rẹ̀ láti omi kan sí òmíràn, mímí, fífọ́mọ lọ́mú, gígùn láàárín akọ àti abo, jíjẹun, wíwá ibi ìsádi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fojú sí "lè" yẹn. Nínú ìtumọ̀ tó wà níwájú wa, ó ti bọ́ dànù: "ìṣe tó ṣe ẹran léṣe". Lẹ́tà méjì péré, ṣùgbọ́n pẹ̀lú ìyẹn, ẹnikẹ́ni ò ní jẹ̀bi mọ́ àyàfi tí wọ́n bá gbé ọgbẹ́ wá hàn.

Ẹ fi òpó tí wọ́n ń kàn mọ́ ìsàlẹ̀ òkun ṣe àpẹẹrẹ. Bí òòlù ńlá ló bá ń lù ú gbà! gbà! gbà!, gbogbo ibi tí ariwo rẹ̀ bá ti tó 160 lórí òṣùwọ̀n ariwo tí wọ́n ń pè ní dẹ́síbẹ́ẹ̀lì ni NMFS, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ẹja àti ẹran òkun, ń kà sí àgbègbè ìyọlẹ́nu ìpele B. Bí ẹ̀rọ tó ń gbọ̀n òpó wọlẹ̀ láìdánu dúró ni, 120 ni ààlà. (Dẹ́síbẹ́ẹ̀lì abẹ́ omi ni o, ibi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ kíkà rẹ̀ yàtọ̀ sí ti inú afẹ́fẹ́, ẹ má fi wọ́n wéra.) Ẹ̀rọ tí kì í lu nǹkan gbà-gbà wá lè ní àgbègbè ìyọlẹ́nu tó fẹ̀ ju ti òòlù lọ. Ìdí nìyí tí "ariwo ńlá" tí ẹnì kan kọ ò fi bá a mu. Ẹ kọ "ariwo tó dé ààlà".

Ẹ̀yin tí ẹ pe "incidental take" ní "ìfọwọ́kàn àìmọ̀ọ́mọ̀", ẹ rò ó wò. Ilé iṣẹ́ tó ń tọrọ ìwé àṣẹ fún irú ìfọwọ́kàn yẹn ti ṣírò iye ẹran tọ́rọ̀ máa kàn, ó sì ti kọ ọ́ sílẹ̀ kó tó gbé irin kan sómi. Ó mọ̀ dáadáa. Àmọ́ kì í ṣe torí ẹran ló ṣe wá. Ọ̀rọ̀ ẹran ló ń bá iṣẹ́ rẹ̀ rìn. "Ìfọwọ́kàn abáṣẹ́rìn" ni mo dábàá.

"Stock" ló ta kókó jù. Kì í ṣe ẹ̀yà, kì í sì í ṣe ọ̀wọ́ tó ń lúwẹ̀ẹ́ pọ̀ lónìí. Àwọn tó jọ ń gbé agbègbè kan tí wọ́n sì ń gun ara wọn ni. Ẹnì kan ní "agbolé". Ó dùn létí, àmọ́ ọmọ agbolé kan náà kì í fẹ́ra wọn! "Agbo ìgùn" ìbá ṣe é, àfi pé ọjọ́ tí ẹnì kan bá gbàgbé àmì ohùn, agbo igún la máa kà. "Ìlú" ni mo fara mọ́ títí di báyìí. Ẹ wo orca, ẹran òkun ńlá aláwọ̀ dúdú àti funfun: omi kan náà ni orca tó ń jẹ ẹja salmon àti orca tó ń jẹ séèlì ń gbà kọjá ní ìpínlẹ̀ Washington, síbẹ̀ wọn kì í gun ara wọn: ìlú méjì ni wọ́n, bí òpópónà wọn tilẹ̀ pa pọ̀. Ìlú àwọn tó ń jẹ salmon níbẹ̀ ni wọ́n kà sí èyí tó wà létí ìparun lọ́dún 2005, kì í ṣe gbogbo orca ayé.

Ti "endangered" àti "threatened" ò le: ọ̀kan ti wà létí ìparun, èkejì ń forí lé ibẹ̀.

"Right whale" ńkọ́? Ẹ má kọ "àbùùbùtán ẹ̀tọ́", ẹ má sì kọ "ọ̀tún". Ohun tí wọ́n máa ń sọ ni pé àwọn ọdẹ òkun kà á sí èyí tó yẹ ní pípa torí pé kì í yára, òkú rẹ̀ sì máa ń léfòó. "Àbùùbùtán aléfòó" tó. (A sọ ọ́ lórúkọ pé a bù ú, a ò bù ú tán, wọ́n sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bù ú tán.) Òfin ní kí ọkọ̀ má ṣe sún mọ́ èyí tó wà ní Àríwá Àtìláńtíìkì tó yáàdì 500, ìyẹn bíi mítà 457, kì í ṣe mítà 500. Fún àbùùbùtán tí wọ́n ń pè ní humpback ní Alaska, yáàdì 100 ni, òfin ibẹ̀ sì ka gbígbé ọkọ̀ síwájú ẹran tó ń bọ̀, kó lè yọ lórí omi nítòsí, mọ́ ìsúnmọ́ni. Èdè wa ti ní ìyẹn tipẹ́: dídènà dè é. Ẹ má wulẹ̀ ṣẹ̀dá òmíràn.

Ẹni tó bá ní èyí tó sàn ju "ìlú" lọ, kó gbé e wá, mo ṣe tán láti gbà á. "Ìfọwọ́kàn" ni mi ò tíì ṣe tán láti fi sílẹ̀.