Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti sọ ìwé ìtàn di fíìmù rí, ẹ wá sọ tẹnu yín

Akọ̀wé Kékeré: Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ará. Mò ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ script fíìmù lọ́wọ́, wọ́n ní ká mú ìtàn kékeré kan ká sọ ọ́ di fíìmù. Ìtàn ọ̀hún dùn ún kà ṣùgbọ́n èrò ọkàn ló kún inú ẹ̀. Báwo lẹ ṣe ṣe tiyín?

Ọmọ Ìgbẹ́tì: Kámẹ́rà ò lè ya èrò o.

Ìyá Ìbejì: Ohun tí ọ̀gá wa sọ fún wa náà nìyẹn. Nínú èyí témi ṣe, òǹkọ̀wé fi odindi ojú ìwé kan ṣàlàyé pé inú bàbá ò dùn sí ọmọkùnrin tí ọmọ ẹ̀ mú wálé. Ọ̀gá ní kí n pa gbogbo ẹ̀ rẹ́, kí n wá nǹkan tí bàbá máa ṣe. Mo wá kọ ọ́ pé bàbá ń jẹ iyán lọ́wọ́, ọmọkùnrin yẹn wọlé ó dọ̀bálẹ̀, bàbá ò dáhùn, ó fọwọ́, ó dé abọ́ ọbẹ̀, ó ní "ẹ wá palẹ̀ ẹ̀ mọ́". Iyán ò tíì dé ìdajì. Nígbà tí wọ́n kà á ní kíláàsì, gbogbo wọn pariwo.

Ọ̀rẹ́ Ìwé: Àánú ọmọkùnrin yẹn ṣe mí 😂 Bàbá tó bá fi iyán sílẹ̀, ọ̀rọ̀ ti bọ́ sórí.

Aṣọ Ńlá: Ẹran ńkọ́? Tó bá ti jẹ ẹran, inú ò tíì bí i tó.

Ìyá Ìbejì: Ẹran wà níbẹ̀ digbí. Mo kọ ọ́ sínú script.

Ọmọ Èkó: Èmi ò gbà o. Ìwé Yorùbá, ẹnu ẹni tó ń sọ ìtàn ni adùn ẹ̀ wà. Tẹ́ ẹ bá gé ìyẹn kúrò, kí ló kù? Ẹ wo Ó Le Kú tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ ní 1974.

Bàbá Ìtàgé: Ọmọ mi, èyí tó o dárúkọ gan-an ló ta kò ọ́. Túndé Kèlání ṣe é ní 1997, ó sì dùn ún wò. Àjàní láàárín Àṣàkẹ́, Lọlá àti Ṣadé, nǹkan tójú lè rí ni. Ẹni tó bá ń kọ́ṣẹ́, ìwé táwọn èèyàn inú ẹ̀ ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ ni kó kọ́kọ́ mú.

Aṣọ Ńlá: Ẹ ò tiẹ̀ sọ ti aṣọ! Fíìmù yẹn ló dá ìró kékeré àti bùbá padà, tá à ń pè é ní oleku títí dòní.

Ọ̀rẹ́ Ìwé: Àwọn ìyá wa ti ń wọ̀ ọ́ tipẹ́.

Aṣọ Ńlá: Mo ní "dá padà". Ẹ ka ohun tí mo kọ.

Ọmọ Èkó: Ẹlẹ́ṣin Ọba tó jáde ní 2022 ńkọ́? Òyìnbó ni Ṣóyínká fi kọ eré yẹn, Bíyì Bándélé wá gbé e wá sí Yorùbá, inú mi dùn gan-an, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ṣì pọ̀ lẹ́nu wọn bíi tí orí ìtàgé.

Bàbá Ìtàgé: Ṣé kó gé ọ̀rọ̀ Ẹlẹ́ṣin ni? Ohun tí mo fẹ́ kí Akọ̀wé mọ̀ ni pé ọ̀rọ̀ ẹlẹ́ṣin tó yẹ kó bá ọba kú yẹn ṣẹlẹ̀ l'Ọ́yọ̀ọ́ lóòótọ́, Ṣóyínká ní 1946 ni. Dúró Ládipọ̀ fi ṣeré ní 1964, ó pè é ní Ọba Wàjà. Ṣóyínká tún gbé e padà sẹ́yìn sígbà ogun. Kálukú ló tún un dá, má bẹ̀rù àtiyí nǹkan.

Akọ̀wé Kékeré: Ẹ ṣé sà. Fágúnwà ló wà lọ́kàn mi lẹ́yìn èyí.

Lọ́yà Àdúgbò: Lọ gbàṣẹ ná. 1963 ni Fágúnwà kú, òfin wa sì ní ó di 70 ọdún lẹ́yìn ikú òǹkọ̀wé kéèyàn tó lè lo ìwé ẹ̀ láìgbàṣẹ, ìparí 2033 nìyẹn. Ẹnìkan tí mo mọ̀ kọ script ìwé ẹlòmíì tán pátápátá, ó wá lọ bá ẹbí, wọ́n ní àwọn ò gbà. Inú dúrọ́ọ̀ ló wà títí di báyìí.

Ọmọ Ìgbẹ́tì: Tí wọ́n bá gbà ńkọ́, ta ló máa sanwó ojú 16 tí Àgbákò, abàmì inú ìwé Fágúnwà, ní?

Ìyá Ìbejì: Ẹ fi í sínú òkùnkùn, ká máa gbóhùn ẹ̀.

Ọ̀rẹ́ Ìwé: Rárá o! Láti kékeré ni mo ti ń fọkàn yàwòrán ojú yẹn, gbogbo ẹ̀ ni mo fẹ́ rí.