Ọmọ tí wọ́n ń fòòró nílé-ìwé: ẹ wá sọ ohun tí ojú yín rí

Ìyá Ìbejì, Mọ́níyà

Ẹ kú ilé o. Ọ̀rọ̀ ọmọkùnrin mi tó wà ní JS2 ni. Gbogbo àárọ̀ Mọ́ńdè ni inú máa ń run ún. Mo lo oògùn aràn, mo se àgbo, a ṣe àyẹ̀wò, wọn ò rí nǹkan kan. Tó bá di Sátidé, ara rẹ̀ á yá gágá. Àbúrò mi ló jẹ́wọ́ fún nígbẹ̀yìn: àwọn ọmọ SS1 kan ló máa ń dè é lẹ́yìn ilé-ìgbọ̀nsẹ̀, wọ́n á gba owó oúnjẹ rẹ̀, wọ́n á ní kó kúnlẹ̀ kó máa kọrin, torí pé ó máa ń kólòlò.

Bàbá ẹ̀ fẹ́ lọ fa wàhálà níbẹ̀. Mo ní ká kọ́kọ́ rí obìnrin kan ní ìjọ wa tó ń ṣiṣẹ́ wẹ́fíà. Kò tilẹ̀ bèèrè orúkọ àwọn tó ń ṣe é. Ó bi ọmọ pé, "Ta ló tún máa ń wà níbẹ̀? Kí ni wọ́n máa ń ṣe?" Ọmọ ní gbogbo wọn máa ń rẹ́rìn-ín, àfi ẹnì kan. Ẹni yẹn ni obìnrin náà ní kí tíṣà wá kàn, òun ló sì ń bá ọmọ mi jókòó báyìí.

Òṣìṣẹ́ wẹ́fíà kan, Sángo

Màmá, ẹ kú ìrọ́jú. Ìbéèrè yẹn gan-an ni iṣẹ́ wa. Láti ìgbà ìwádìí tí Dan Olweus, onímọ̀ nípa ìhùwàsí ẹ̀dá, ṣe lórí ìfòòró láàárín àwọn ọmọ ilé-ìwé ní Sweden, lẹ́yìn 1970, nǹkan mẹ́ta là ń wò ká tó pe nǹkan ní ìfòòró: ẹni náà mọ̀ọ́mọ̀ ń ṣe é, ó ń ṣe é léraléra, agbára wọn ò sì dọ́gba. Ọmọ méjì tí ọwọ́ wọn dọ́gba tó jà, ìjà nìyẹn. Ti ọmọ yín kì í ṣe "eré ọmọdé" tí àwọn ọ̀gá ilé-ìwé máa ń pè é.

Wọ́n fa ọmọ kan tó ń fòòró àwọn tó kéré sí i lé mi lọ́wọ́ nígbà kan, nílé-ìwé kan lápá Bẹẹrẹ. Gbogbo tíṣà ló ní ọmọ burúkú ni, wọ́n ti nà án títí ní asẹ́ńbìlì. Mo tẹ̀lé e délé. Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ló ń gbé, ìdájí ló ń jí láti kiri ọjà, àwọn ọmọ onílé a sì máa gbá a lójú bó ṣe wù wọ́n. Ilé-ìwé nìkan ni ibi tí òun náà ti rí ẹni tó kéré sí i. Mi ò ní kí wọ́n má bá a wí o! Ó dá owó tó gbà padà, wọ́n sì ń ṣọ́ ọ. Àmọ́ ohun tí pàṣán kọ́ ọ ni pé ẹni tó bá lágbára ló ń na ẹlòmíràn. Tíṣà kan tó ń kọ́ wọn ní bọ́ọ̀lù ló mú un sọ́dọ̀, a sì bá ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ìyẹn ò gbọ́ tiwa tán.

A ò kó ẹni tó ń fòòró àti ẹni tí wọ́n ń fòòró jókòó pọ̀ pé kí wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́. Ẹ̀rù kì í jẹ́ kí èyí tó kéré sọ òótọ́ níwájú ẹni tó ń nà án.

Bàbá kan, Àpáta

Ní bọ́dìn tí mo ti kàwé, òru ni àwọn sẹ́níọ̀ máa ń jí wa fọ aṣọ. Háúsì-másítà ní irú ìyà bẹ́ẹ̀ ló sọ òun dènìyàn. Ọmọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ JS1, ara mi ò balẹ̀. Tí ilé-ìwé ò bá gbọ́ ńkọ́? Èmi rò pé ìjà tọkọtaya ni wẹ́fíà ń parí.

Òṣìṣẹ́ wẹ́fíà kan, Sángo

Ó kàn wá dáadáa, sà. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti 2003 ò gbà kí ẹnikẹ́ni ṣe ọmọ léṣe, yálà lára tàbí lọ́kàn, Ọ̀yọ́ sì ní tirẹ̀ láti 2006. Ẹ kọ ọjọ́, ibi tó ti ṣẹlẹ̀ àti àwọn tó wà níbẹ̀ sílẹ̀. Ẹ fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí ọ̀gá ilé-ìwé, kẹ́ ẹ tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀. Bí wọ́n bá dákẹ́, ẹ gbé e lọ sí ọ́fíìsì wẹ́fíà ní ìjọba ìbílẹ̀ yín. Ẹ mú ọmọ dání, ṣùgbọ́n ẹ má bi í ní ìbéèrè kan náà láìmọye ìgbà kẹ́ ẹ tó dé, torí ọmọ tí wọ́n ń bi lemọ́lemọ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé wọn ò gba òun gbọ́.