Ẹ̀yin olólùfẹ́ rédíò, podcast àti àwàdà, èwo ló ń pa yín lẹ́rìn-ín gan-an? Ti Okun dà níbẹ̀?

Ọmọ_Ìsánlú

Ẹ kú ilé o ẹ̀yin èèyàn mi, àwa Yorùbá ìpínlẹ̀ Kogi tí wọ́n ń pè ní Okun, okun o. Ẹ jọ̀ọ́ ìbéèrè kan ti wà lọ́kàn mi tipẹ́, mo ní kí n gbé e wá síbí torí mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ yín kì í pa rédíò. Ètò wo, podcast wo, aláwàdà wo lẹ ń gbọ́ tẹ́ ẹ rẹ́rìn-ín débi tẹ́ ẹ fi gbé iṣẹ́ ọwọ́ yín sílẹ̀? Mi ò sọ èyí tẹ́ ẹ kàn rí lórí fóònù tẹ́ ẹ rẹ́rìn-ín díẹ̀ tẹ́ ẹ kọjá o, èyí tẹ́ ẹ gbọ́ lánàá tẹ́ ẹ tún ń sọ ọ́ fún ẹlòmíì lónìí ni mò ń bèèrè.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ tèmi. Àwàdà inú rédíò ni mo fẹ́ràn jù, mo sì gbà pé òun ló le jù láti ṣe. Ẹni tó ń ṣe skit, fídíò àwàdà kékeré orí fóònù, ní ojú tó lè fún pọ̀, ó lè wọ aṣọ sódì, ó lè ṣubú sínú gọ́tà. Ẹni tó wà nínú rédíò, ohùn nìkan ló ní, tí ohùn yẹn ò bá gbé e, kò sí nǹkan míì tó máa gbé e. Mo ní bí mo ṣe ń dán aláwàdà wò: màá dojú fóònù délẹ̀, màá fetí nìkan gbọ́. Ọ̀pọ̀ skit tí gbogbo ayé ń pín kiri, tí mo bá ṣe báyẹn fún un, ariwo àti orin nìkan ló ń kù.

Ohun tí mi ò lè gbà: atọ́kùn ètò tó máa ń rẹ́rìn-ín ọ̀rọ̀ ara ẹ̀ kó tó sọ ọ́ tán, ẹ̀rín inú ẹ̀rọ tí wọ́n ń tẹ̀ lé gbogbo gbólóhùn, àti àwàdà tó jẹ́ pé akólòlò tàbí opó ni wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ìyẹn máa ń bí mi nínú gidi. Ti podcast ní tiẹ̀, púpọ̀ nínú àwọn tí wọ́n ń sọ fún mi pé kí n gbọ́, Òyìnbó ni láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, wákàtí méjì, ọ̀rọ̀ kan náà ni ṣáá, ta ló yẹ kó sanwó oúnjẹ láàárín ọkùnrin àti obìnrin. Àwọn tó ń ṣe é mọ̀ ọ́n sọ o, mi ò bú wọn, ṣùgbọ́n kò sí nǹkan kan níbẹ̀ tó jọ ayé tí èmi ń gbé.

Ibi tí ọ̀rọ̀ mi ń lọ nìyí. Kí ló dé tí mi ò fi ń gbọ́ àwàdà tó dáa lẹ́nu tiwa? Owé ní bó ṣe ń sọ̀rọ̀, Yàgbà ní tiẹ̀, Ìjùmú, Búnú, Ọ̀wọ̀rọ̀, kálukú ní tiẹ̀. Ṣùgbọ́n tí aláwàdà bá fẹ́ ṣe ará oko, ó máa yí ohùn sí nǹkan kan tí kì í ṣe ti ìlú kankan lábẹ́ ọ̀run. Ìpàdé ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú nígbà Kérésì, tí akọ̀wé ń ka àkọsílẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́ torí àríyànjiyàn owó tó kù láti ọdún tó kọjá, ṣé ìyẹn ò tó àwàdà ni? Àsìkò káṣú ńkọ́, tí ẹni tí kò kí ọ látọdún tó kọjá bá wá jókòó sẹ́nu ọ̀nà ẹ tó fẹ́ mọ iye tó o tà á?

Bàbá_Tíṣà_Kàbà

Ọmọ mi, o káre, ìbéèrè gidi lo bèèrè. Jẹ́ kí n dáhùn èyí tó jẹ mọ́ "kí ló dé" yẹn, torí ó ní ìtàn nínú, ẹ̀yin ọmọ òde òní ò sì fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ ọ́n.

Nígbà tí wọ́n ṣí rédíò àti tẹlifíṣọ̀n Ìwọ̀ Oòrùn n'Íbàdàn ní 1959, àwa ò sí lábẹ́ Ìbàdàn. Ẹkùn Kàbà lábẹ́ Àríwá ni wọ́n kó wa sí. Ìjọba wa ń bẹ ní Kàdúná, èdè wa ń bẹ n'Íbàdàn. Bẹ́ẹ̀ làwọn bàbá wa ṣe ń yí rédíò kiri lálẹ́, torí ìgbì ayé àtijọ́, èyí tẹ́ ẹ̀ ń pè ní AM, òkè òfuurufú máa ń dá a padà sílẹ̀ tílẹ̀ bá ti ṣú, ó máa ń rìn jìnnà. FM tòní ò rí bẹ́ẹ̀, ó fẹ́ kí ọ̀nà là gbọọrọ láàárín òun àti ẹ, àwọn òkè tó yí wa ká yìí sì ń dí i. Lẹ́yìn náà a di Kwara ní 1967, Ìlọrin di ibi tá à ń kọ etí sí. August 1991 la tún di Kogi, ó di Lọ́kọ́jà. Ní Lọ́kọ́jà ẹ̀wẹ̀, Ígálà wà níbẹ̀, Ebira wà níbẹ̀, Nupe àti Bàsà wà níbẹ̀, gbogbo wọn ló sì ní ẹ̀tọ́ sí wákàtí tiwọn. Ìròyìn àti ìkéde ló ń kọ́kọ́ jẹ wákàtí tó bá kan èdè kan, àwàdà ló ń gbẹ̀yìn. Bó ṣe rí nìyẹn, ẹnì kan kọ́ ló kórìíra wa.

Ní ti àwàdà fúnra ẹ̀, nínú gbogbo wọn kò sí bíi Bàbá Sàlá lójú tèmi. Moses Ọláìyá Adéjùmọ̀, ọmọ Iléṣà, tó kú ní October 2018. Àwọn èèyàn máa ń rántí jígí gàgàrà ojú ẹ̀ àti aago ńlá tó ń gbé kọ́ra, wọ́n á ní ìyẹn ló ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Èmi ò gbà. Olórin ni kó tó di aláwàdà, inú ẹgbẹ́ olórin tiẹ̀ ni Sunny Adé ti ta gìtá kó tó dá tiẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tó bá mọ orin á mọ ìgbà tó yẹ kóun dákẹ́. Á sọ ọ̀rọ̀ kan, á dúró, o ti mọ̀ pé nǹkan ń bọ̀, kò ní tíì sọ ọ́, inú ìdákẹ́jẹ́ yẹn gan-an lẹ̀rín ti ń bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí ń bẹ̀rù ìdákẹ́jẹ́. Wọ́n ti gé e kúrò nínú gbogbo nǹkan, ọ̀rọ̀ kan ò tíì tán èkejì ti gùn ún lẹ́yìn.

Ìyá_Onígàrí

Ẹ kú iṣẹ́ o. Bàbá Tíṣà ẹ ṣeun, ẹ̀mí yín á gùn. Ọmọ Ìsánlú, mo fara mọ́ púpọ̀ nínú ohun tó o sọ àyàfi ti atọ́kùn tó ń rẹ́rìn-ín yẹn. Ìwọ bóyá o jókòó gbọ́ ọ. Èmi ń dín gàrí, iná wà níwájú mi, èéfín wà lójú mi, ọwọ́ mi méjèèjì ò dúró, tí ẹni tó wà nínú rédíò bá rẹ́rìn-ín ó dà bíi pé ẹnì kan wà lọ́dọ̀ mi ni. Mo nílò ẹ̀rín ẹ̀. Èyí tó bá ń sọ̀rọ̀ gbẹ gẹ́rẹ́gẹ́rẹ́ bí ẹni ń ka ìwé ilé ẹjọ́, màá yí i kúrò.

Ètò ìpè ni mo fẹ́ràn jù ní tèmi, èyí táwọn èèyàn ń pe fóònù wọlé. Aláwàdà tó dáa jù lórí rédíò, kì í ṣe ẹni tí wọ́n sanwó fún, àwọn tó ń pè wọlé ni. Ẹnì kan á pè pé òun fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí owó ilé ìwé, á kọ́kọ́ kí atọ́kùn, á kí ìyàwó atọ́kùn, á kí gbogbo ará àdúgbò ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, owó fóònù ẹ̀ á tán kó tó dé orí ọ̀rọ̀. Kò mọ̀ pé òun ń ṣe àwàdà, ìyẹn ló ṣe dùn. Atọ́kùn tó bá mọ iṣẹ́ ò ní gé e, kò sì ní fi ṣe yẹ̀yẹ́, á bá a sọ ọ́ tán ni. Ọgbọ́n ńlá nìyẹn, ẹ má fojú kéré ẹ.

Ti podcast yẹn, ẹ má bínú o, dátà dà? Rédíò inú fóònù kékeré mi ò gba dátà, earpiece nìkan ni mo ń kì í lẹ́nu torí okùn ẹ̀ ló ń ṣe iṣẹ́ eríà, mo sì ṣe tán.

Mópà_l'Ékòó

Ìyá wa, mo dọ̀bálẹ̀ o. Ẹ jẹ́ kí n bá yín ṣírò ti dátà yẹn torí wọ́n ti fi fídíò dẹ́rù bà wá. Wákàtí kan ohùn nìkan, tí wọ́n bá gbé e sórí 64kbps, bíi 29 MB ni. Fídíò wákàtí kan á jẹ tó ìlọ́po mẹ́wàá ìyẹn tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Láti ìgbà tí NCC, àjọ tó ń ṣàkóso àwọn ilé iṣẹ́ fóònù, ti fọwọ́ sí i ní January 2025 pé kí àwọn ilé iṣẹ́ fóònù fi tó ìdá 50 nínú 100 kún owó wọn, èmi ò wo skit gígùn mọ́ tí kì í bá ṣe pé Wi-Fi wà, podcast ni mo ń wà jáde lálẹ́ tí mo ń gbọ́ nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ láàárọ̀. Wọ́n máa ń jẹ́ kéèyàn wà á sórí fóònù, lẹ́yìn ìyẹn kò gba nǹkan kan mọ́.

Ẹ̀gbọ́n Ìsánlú, mo fẹ́ bá yín jiyàn díẹ̀ lórí skit. Ẹ lọ dojú fóònù délẹ̀ fún Taaooma, obìnrin tó ń ṣe skit yẹn, kẹ́ ẹ padà wá. Ọmọ Kwara ni, òun nìkan ló máa ń ṣe ìyá, òun ló ń ṣe ọmọ, òun ló ń ṣe bàbá. Ẹ pa ojú dé, ẹ ṣì máa mọ ìgbà tí ìyá wọlé, ẹ máa mọ̀ pé ìgbátí ń bọ̀ kó tó balẹ̀. Aláwàdà rédíò gidi nìyẹn, orí fídíò ló kàn wà. Mr Macaroni tóun náà ń ṣe skit, ó kàn lọ́ ohùn báyìí, gbogbo èèyàn ti mọ irú alàgbà tó ń ṣe. Ẹ má kó gbogbo wọn pọ̀.

Ṣùgbọ́n ti ẹnu tiwa yẹn, mo wà lẹ́yìn yín gbágbá. L'Ékòó níbí tí mo bá sọ̀rọ̀ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ nílé, wọ́n á ní ṣé Èkìtì ni mí. Tí podcast bẹ́ẹ̀ bá wà, gbogbo ọmọ Mópà tí mo mọ̀ níbí ló máa gbọ́ ọ.

Búnú_Gidi

Ìbéèrè tèmi ni pé èwo nínú ẹnu wa? Torí mo mọ bó ṣe máa rí. Wọ́n á ní ti Okun ni, tí wọ́n bá ṣe é tán, Owé àti Yàgbà nìkan lá máa gbọ́, Búnú á wà níbẹ̀ bí aṣọ́gbà tó sọ̀rọ̀ ẹ̀ẹ̀kan tó jáde. Ọ̀wọ̀rọ̀ ò tiẹ̀ ní sí níbẹ̀ rárá. Tó bá jẹ́ báyẹn, ẹ kúkú ṣe é ní Yorùbá gbogbogbòò.

Ẹgbẹ_Olóhùn

Búnú_Gidi, ọ̀rọ̀ ẹ wọ̀ mí lára, ṣùgbọ́n Yorùbá gbogbogbòò kọ́ lọ̀nà àbáyọ. Mo máa ń gba ohùn sílẹ̀ fún ṣọ́ọ̀ṣì àti fún àwọn oníṣòwò níbí, nítorí náà mo mọ ohun tó ṣeé ṣe àti èyí tí kò ṣeé ṣe.

Ẹ gbé àwàdà náà sínú ọkọ̀. Bọ́ọ̀sì kan tó gbéra láti Kàbà tó ń lọ Ìlọrin. Awakọ̀ lè jẹ́ Yàgbà, ìyá tó jókòó sẹ́yìn jẹ́ Búnú, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì jẹ́ Owé, ọmọ yunifásítì láti Ìjùmú tó ń fi Òyìnbó dáhùn, bírìkìlà Ọ̀wọ̀rọ̀ tó ń sùn ṣùgbọ́n tó ń gbọ́ gbogbo nǹkan. Kálukú ń sọ ẹnu tiẹ̀ bí a ṣe ń sọ ọ́ nínú ọkọ̀ gan-an, kò sẹ́ni tó ń túmọ̀ fún ẹnìkejì, wọ́n sì ń gbọ́ ara wọn yé. Ẹni tí kì í ṣe Okun á máa tẹ̀ lé e torí ìjà owó ẹrù àti ọ̀nà tó bàjẹ́, kò sí ọmọ Yorùbá tí ìyẹn ò yé. Ọkọ̀ náà sì wúlò fún etí, ìró ẹ́ńjìnnì, fèrè, ilẹ̀kùn tí kò tì dáadáa, olùgbọ́ ti mọ ibi tó wà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ fún un.

Iṣẹ́ ẹ̀ ò náni lówó púpọ̀. Fóònù kan tó dáa ti tó láti bẹ̀rẹ̀. Ẹ má gbà á sílẹ̀ nínú pálọ̀ tó ṣófo torí ohùn á máa gbá ògiri padà, inú yàrá tí aṣọ àti fóòmù pọ̀ sí ló dáa, ẹ pa fáànù, ẹ dúró kí jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò dákẹ́. Audacity ni mo fi ń gé e lórí kọ̀ǹpútà, ọ̀fẹ́ ni. Kí ìpín kan má ju ìṣẹ́jú 15 lọ. Tó bá jáde, ẹ má fi sórí àwọn áàpù podcast nìkan, ẹ tún fi ránṣẹ́ bí ohùn lórí WhatsApp ẹgbẹ́ ìlú kọ̀ọ̀kan, torí ibẹ̀ làwọn ìyá wa wà. Lẹ́yìn ìyẹn la lè gbé e lọ bá ilé iṣẹ́ rédíò pé a ti ní i nílẹ̀, kí wọ́n fún wa ní àyè lópin ọ̀sẹ̀. Ó rọrùn kí wọ́n gba ohun tó ti parí ju kí wọ́n gba àbá lọ.

Bàbá Tíṣà, ti ìdákẹ́jẹ́ tẹ́ ẹ sọ yẹn, mi ò ní gé e kúrò.

Bàbá_Tíṣà_Kàbà

Tó bá rí bẹ́ẹ̀, èmi ni tíṣà inú ọkọ̀ náà. Mi ò ní kí wọ́n wá ẹlòmíì.

Ọmọ_Ìsánlú

Inú mi dùn kọjá bó ṣe yẹ o! Mópà, mo gbọ́ ti Taaooma, mo dojú fóònù délẹ̀ lóòótọ́, òótọ́ lo sọ, ohùn ìyá yẹn ti tó. Ìyá Onígàrí, mo ṣì dúró lórí ti atọ́kùn tó ń rẹ́rìn-ín ṣáájú ọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n mo gbà fún yín lórí ètò ìpè, àwọn tó ń pè yẹn ló yẹ ká fi kọ́ bí èèyàn ṣe ń sọ̀rọ̀ nínú ọkọ̀. Màá kọ ìpín àkọ́kọ́, láti gáréèjì títí dé ibi tí ọkọ̀ á ti dúró fún táyà. Búnú_Gidi, ìwọ ni kó o kọ ọ̀rọ̀ ìyá Búnú fúnra ẹ, mi ò ní fọwọ́ kàn án, kó sì jẹ́ pé òun ló ń borí nínú ìjà kan ó kéré tán.

Búnú_Gidi

Méjì.

Ìyá_Onígàrí

Ta ló wá ni àpò gàrí tó wà lórí ọkọ̀? Torí awakọ̀ yẹn ò lè gba iye tó bá fẹ́ lọ́wọ́ mi o. Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀, ká ṣì wà ní gáréèjì, kí ọkọ̀ má tíì lọ. Mo wà nílé lọ́sàn-án Sunday lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, kí Ẹgbẹ_Olóhùn pè mí.