Ọwọ́ onígángan ti bọ́ sílẹ̀ kí ìlù tó dún: fídíò fóònù nínú Kdenlive

Ayafídíò Ìtirẹ
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Ìgbéyàwó kan tí mo yà ní Sùúrùlérè ló fẹ́ yí mi lórí yìí. Bátìrì kámẹ́rà mi kan kú síbi tí alága ìjókòó ti ń ní kí ẹbí ọkọ dọ̀bálẹ̀. Àbúrò ìyàwó ló gbà mí, ó fi fóònù rẹ̀ ká ìṣẹ́jú 48.

Mo kó o sínú Kdenlive, ètò tí mo fi ń gé fídíò, ó bẹ̀rẹ̀ dáadáa. Nígbà tó fi máa di ìṣẹ́jú 20, alága ti pa ẹnu dé, ohùn rẹ̀ ṣì ń bọ̀ lọ́nà. Ti onígángan ló burú jù: ọwọ́ ti bọ́ sílẹ̀ tán kí ìlù tó dún. Mo fa ohùn síwájú, ó tún yẹ̀. Lápútọ́ọ̀pù mi náà, Ubuntu ni, ń rá bí ìgbín. Ẹnì kan ní kí n gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì kí wọ́n bá mi yí i padà. Gígábáìtì mẹ́fà! Ta ló fẹ́ ra dáta yẹn? Ẹlòmíì ní kí n lọ ra ẹ̀rọ tuntun ní Computer Village, bí ẹni pé owó iṣẹ́ náà ju owó epo jẹnẹrétọ̀ lọ.

Ọmọ Yaba
HandBrake, ètò tó ń yí fídíò padà. Ọ̀fẹ́ ni. Mú "Constant Framerate", tẹ Start, ó parí.

Ìyá Ẹ́dítọ̀
Kò tíì parí, Ọmọ Yaba. Ohùn á bá ẹnu mu lóòótọ́, àmọ́ irú fáìlì tó ń mú ẹ̀rọ rẹ̀ rá náà ni yóò tún gbé jáde.

Àbúrò, fóònù kì í ya iye àwòrán kan náà ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Bí iná gbọ̀ngàn bá dín, ó lè dẹwọ́. Bó bá mọ́lẹ̀, á tún yára. Kdenlive ń fẹ́ iye kan ṣoṣo. Ibẹ̀ ni ohùn ti ń yẹ̀.

Ti rírá, wo káàdì alájọ. Ká ní ó kọ iye owó rẹ lọ́jọ́ kìíní oṣù, tó wá jẹ́ "fi igba náírà kún un" nìkan ló ń kọ lẹ́yìn ìyẹn. Bó o bá béèrè iye tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ 17, àfi kó ṣírò látọjọ́ kìíní. Bí H.264 àti H.265, ọ̀nà tí fóònù fi ń fún fídíò pọ̀, ṣe ń tọ́jú àwòrán nìyẹn. DNxHR, tí wọ́n ṣe fún gígé fídíò, ń kọ àròpọ̀ sí ọjọ́ kọ̀ọ̀kan: fáìlì á wú, àmọ́ ẹ̀rọ ò ní ṣírò mọ́.

FFmpeg ni kó o lò, ètò tí a ń fi àṣẹ darí nínú Terminal. Gbìyànjú ìṣẹ́jú kan wò ná (alaga.mp4 ni fáìlì fóònù):

ffmpeg -ss 00:20:00 -t 60 -i alaga.mp4 -fps_mode cfr -r 25 -c:v dnxhd -profile:v dnxhr_sq -pix_fmt yuv422p -c:a pcm_s16le danwo.mov

Bó bá ní òun ò mọ -fps_mode, FFmpeg rẹ ti gbó díẹ̀ nìyẹn, fi -vsync cfr rọ́pò rẹ̀. Bó bá dáa, yọ -ss àti -t pẹ̀lú iye wọn kúrò kó lè ṣe gbogbo rẹ̀. Wá àyè tó lé ní gígábáìtì 40. Bí kò bá sí, fi dnxhr_lb rọ́pò dnxhr_sq, á sún mọ́ 13.

Má sì pa ti fóònù rẹ́ o. Mo gba nǹkan míì lé kásẹ́ẹ̀tì oníbàárà rí, láyé VHS, ní Ìdúmọ̀tà. Ìyá ìyàwó náà ò kí mi dòní.

Ayafídíò Ìtirẹ
Ìyá mi, ẹ ṣé gan-an. Ìṣẹ́jú kan yẹn dáa, ọwọ́ àti gángan jọ bọ́ pọ̀ ni. Mo wá tan gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, mo sùn. Nígbà tí mo jí, ó ti dúró sórí gígábáìtì mẹ́rin, bẹ́ẹ̀ àyè ṣì kún inú díìsìkì tí mo ń kó o sí.

Ìyá Ẹ́dítọ̀
FAT32, ìlànà àtijọ́ tí díìsìkì fi ń to fáìlì, ni díìsìkì yẹn ń lò. Kì í gba fáìlì kan tó ju mẹ́rin lọ. Kó ẹrù inú rẹ̀ síbòmíì kó o tó sọ ọ́ di exFAT.

Ayafídíò Ìtirẹ
FAT32 ni lóòótọ́! Ó ti wọlé báyìí, mo ti ń gé e, ibi tí mo bá tẹ̀ ló ń dáhùn. Àmọ́ níbi tí wọ́n ti ń jó, àwòrán ń ta díẹ̀díẹ̀.

Ìyá Ẹ́dítọ̀
Àwòrán 30 ni fóònù yà, 25 (-r 25 yẹn) lo ń lò, ó ń ju márùn-ún nù ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Kámẹ́rà rẹ kejì ńkọ́? Tirẹ̀ ni kó o fi sí ibi ijó.

Ayafídíò Ìtirẹ
Ó wà. Ẹ jẹ́ n sáré fi sí i, ìyàwó ti pè mí lẹ́ẹ̀mejì láàárọ̀ yìí.