Àgbádárìgì àbí Tarkwa Bay: ibo ni kí n mú ìyá mi lọ?

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ìyá mi ń bọ̀ láti Ìbàdàn, wọ́n fẹ́ rí òkun. Sùúrùlérè là ń gbé; a ó jáde láàárọ̀, ká padà lálẹ́. Tarkwa Bay, etíkun kan l'Ékòó níbí, ló wù mí jù: ìgbì ibẹ̀ kì í le, àwọn ọmọ á lè wẹ̀. Àmọ́ ọkọ̀ ojú omi nìkan ló ń débẹ̀, màmá sì ń bẹ̀rù omi bí ológbò. Àgbádárìgì ní ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ọdún 1845, ìtàn tí wọ́n á gbádùn, ṣùgbọ́n ọ̀nà yẹn! Tí wọ́n bá sì ní àwọn fẹ́ dé Gberefu, erékùṣù tó wà níbẹ̀, ọkọ̀ ojú omi náà ni, ká tó tún fẹsẹ̀ rin yanrìn. Orúnkún wọn ńkọ́? Ta ló ti mú àgbàlagbà débẹ̀ láìpẹ́ yìí? Aago mélòó lẹ kúrò nílé?